Ọwọ́ Méjì Nínú Aago Kan

Gbogbo ẹni tí aago rẹ̀ bá ti dákẹ́ rí ní àdúgbò yẹn ló mọ òfin Bàbá Aláago. Gbólóhùn kan péré ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí páálí, ó sì kàn án mọ́ ògiri lókè tábìlì iṣẹ́ rẹ̀: Aago tí ẹlòmíràn bá ti tú, ẹ má gbé e wá. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi òfin náà lé e lọ́wọ́, ó ti lé ní ogójì ọdún. Ọ̀gá náà a máa wí pé ọwọ́ méjì kì í wọ inú aago kan. Bí ẹnì kan bá tú u, tí ẹlòmíràn tún tú u, irin kékeré kan á sọnù. Ti àkọ́kọ́ á ní ti ẹ̀yìn ni, ti ẹ̀yìn á ní ti àkọ́kọ́ ni, aago á sì kú sáàárín àwọn méjèèjì láìsí ẹni tí a ó dì mú.

Ọkùnrin kan gbé aago wá lọ́jọ́ kan, ó búra pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan inú rẹ̀ rí. Bàbá fi awò sójú, ó wò ó fìrí, ó sì dá a padà fún un. Ó ní kó lọ sọ fún ẹni tó fi ọ̀bẹ ìdáná ṣí i pé kó wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá jẹ́wọ́ pé òun fúnra òun ni. Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Bàbá, gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní bó bá jẹ́ pé irú òfin Bàbá ni àwọn oníṣẹ́ aṣọ ń tẹ̀lé, ìhòòhò goloto ni gbogbo ayé ì bá máa rìn, nítorí ẹni tó hun ún kọ́ ló gé e, ẹni tó gé e kọ́ ló sì lọ̀ ọ́. Bàbá ní aṣọ kì í ṣe aago. Ó tẹrí ba padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ fún ayé nígbà tó wà láyé. Òun ló ń kí aládùúgbò, òun ló ń bá oníbàárà ṣàwàdà, òun ló mọ ọmọ tó ṣe ìdánwò àti ìyá tó ń ṣàìsàn. Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá tó ti kú. Ọmọ méjì ló bí fún un. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, orí fóònù ló sì ti ń ṣe baba fún baba rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, obìnrin, ló kù nílé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan baba tó bí i.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ló ránṣẹ́ pe Bàbá. Ọ̀gá ọ̀hún ń yí pẹ́ńsù lọ́wọ́, kò fẹ́ wo Bàbá lójú. Ó ní Tíṣà dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí agogo fi lù, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ ohunkóhun. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló sá lọ pe olùkọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ó ní òun kò lé e níṣẹ́ o, kó lọ sinmi ni, ṣùgbọ́n kó má fi ìsinmi náà jókòó sílé lásán. Kó lọ rí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá.

Bàbá dúpẹ́, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Kò bi í ní ìbéèrè kankan lójú ọ̀nà. Kì í ṣe pé kò ti fura. Ó ń rí oúnjẹ tó ń padà sí ìdáná bí wọ́n ṣe bù ú. Ó ń rí ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó ti di àgbékọ́ sí i lọ́rùn, àti ojú rẹ̀ láàárọ̀, ojú ẹni tí oorun kò yà lọ́dọ̀. Ó ti rí gbogbo rẹ̀, ó sì ti ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ dá sí i, bó ti máa ń ṣe. Ó tó ìgbà mélòó kan kó tó máa rántí pé kò sí láyé mọ́.

Ilé alájà méjì ni ilé ìwòsàn náà yà sọ́tọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ darí wọn sí, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Bàbá wo yàrá náà yíká, nítorí oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá wọ ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn, irinṣẹ́ ló ń wò. Kò rí ọ̀kan. Àga méjì tó ga bákan náà ni ó rí, tábìlì kúkúrú kan, páálí bébà ìnujú, àti fèrèsé. Kò sí ibùsùn, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà. Obìnrin náà ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kó dúró síta.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀ọ̀dẹ̀, á máa wo ilẹ̀kùn. Wákàtí kan géérégé ni. Ohun tó ń gbọ́ kò ju ìró ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan kò já. Ó ṣe é ní kàyéfì pé ọmọ tí kì í sọ tó gbólóhùn mẹ́rin nílé lè rí ọ̀rọ̀ wákàtí kan sọ fún àjèjì.

Ṣùgbọ́n nǹkan ń yí padà. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìgbà kẹrin, Tíṣà wo awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ní ọkùnrin yìí ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyẹn nìkan ló sọ. Bàbá gbé gbólóhùn náà délé bí ẹni gbé ẹyin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Télọ̀ dá Tíṣà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Tíṣà, bá mi ṣe ìṣirò kan. Bí Bàbá bá ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́, ọdún mélòó ni yóò fi ka ìwé ìròyìn kan síta tán?"

"Ẹ kọ́kọ́ yọ ọjọ́ ìsinmi kúrò," ni Tíṣà fi dá a lóhùn.

Télọ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá ò gbórí sókè nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mú kékeré tó dì mú bọ́ sílẹ̀.

Àìsùn ọ̀hún kò lọ, oúnjẹ kò sì wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ nígbà kẹfà, obìnrin náà pe Bàbá wọlé. Tíṣà jókòó, ojú rẹ̀ wú, bébà ìnujú mẹ́rin márùn-ún wà níwájú rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pe obìnrin náà ní dókítà, òun sì dá a dúró pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ohun tí òun kọ́ ni bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, bí èrò ṣe ń di ìwà, bí ìbànújẹ́ ṣe ń di bárakú. Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ òun, àti ìbéèrè, àti àwọn nǹkan tí òun ń fún Tíṣà láti máa dán wò nílé. Òun kò lè kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni, òfin kò gbà á. Ẹni tó wà ní àjà òkè, dókítà ni ní tirẹ̀. Ó kọ́ ìṣègùn gbogbo ara kó tó wá yan ti ọpọlọ láàyò. Ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì lè kọ oògùn. Àìsùn Tíṣà ti kọjá ohun tí ọ̀rọ̀ nìkan lè ká, ara ti ń dá ọkàn dúró. Kí wọ́n lọ rí ti òkè, kí wọ́n sì máa padà wá sọ́dọ̀ òun.

"Àwa méjèèjì la ó jọ máa wò ó, Bàbá," ló wí.

Bàbá ronú díẹ̀. "Ta ló wá ni iṣẹ́ náà?"

"Tíṣà ló ni ín. Àwa kàn ń bá a dì í mú ni."

Ìdáhùn náà kò wọ Bàbá létí. Irú èsì tí oníṣẹ́ tí kò fẹ́ gba ẹ̀bi máa ń fọ̀ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, obìnrin náà ti tú aago, kò lè tò ó padà, ó wá ń gbé e fún aládùúgbò.

Àjà òkè yàtọ̀ pátápátá. Ibùsùn wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lórí tábìlì, kọ́ńbọ́ọ̀dù onígíláàsì dúró sí igun. Ọkàn Bàbá balẹ̀ bó ti ń wọlé. Dókítà náà yára lọ́rọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bi Tíṣà ní wákàtí tó ń sùn, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ti ń jẹun sí, bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi í bóyá ó máa ń rò ó pé kí òun má sí láyé mọ́. Tíṣà ní nígbà mìíràn. Bàbá wo ilẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àìsàn ara kan ló fara pamọ́ síbẹ̀. Dókítà kọ oògùn, ẹyọ kan lójúmọ́, ó ní yóò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó rí ipa rẹ̀, kí Bàbá máa bá a tọ́jú ike oògùn náà, kí wọ́n má sì dá ti ìsàlẹ̀ dúró. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ti àwọn ìsàlẹ̀, Bàbá gbọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ "ẹ kú ọ̀nà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àkọ́bí pè lórí fóònù. Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà fún un, ọmọ náà kò sì jẹ́ kó rò ó tán. Ó ní ti òkè ni kí wọ́n dì mú, dókítà gidi nìyẹn. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ń wo àìsàn, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni gbogbo ayé ì bá ti máa gba ìwòsàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bàbá ní òun gbọ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé ẹlòmíràn sọ ohun tí òun ti pinnu.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà jáde láti yàrá, ó ti múra, báàgì wà lápá rẹ̀.

"Bàbá, a máa pẹ́ o."

"A ò lọ mọ́. Ti òkè ló ni iṣẹ́ náà báyìí."

"Obìnrin yẹn ń retí mi, Bàbá. Ó ní lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni..." Kò parí rẹ̀.

"Mo ti lọ bá akọ̀wé wọn. Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ Ajé ló ti dá lọ, ó sì fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń mú un wá. Tíṣà dúró pẹ̀lú báàgì náà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé bọ́ọ̀sì kò bọ̀ mọ́ tí kò tíì mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti má ṣe bá àgbà jiyàn, kò sì sí okun lára rẹ̀ láti ṣe ohun tí wọn kò kọ́ ọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé padà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ń jẹun tán nínú àwo. Ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ sókè, dókítà wọn ìwọ̀n rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì béèrè bóyá ti ìsàlẹ̀ ń lọ dáadáa. Kí Tíṣà tó la ẹnu, Bàbá ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá délé, ó fọ́nnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ó sọ fún Télọ̀ pé ọwọ́ kan ló tún un ṣe.

Télọ̀ fi ẹsẹ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó ní òun dúpẹ́, òun rí i pé ara ń padà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun dá a lápàárá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì kí òun dáadáa, bí ènìyàn ṣe ń kí akọ̀wé báńkì.

Bàbá ní ìyẹn náà ń bọ̀ wá dára.

Kò dára. Oṣù kan kọjá, èkejì wọlé. Tíṣà ń sùn, ó ń jẹ, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ aṣọ baba rẹ̀, ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n kò padà sílé ẹ̀kọ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ránṣẹ́, á ní òun ń bọ̀, kò sì ní lọ. Á jókòó sínú yàrá ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán, lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Kì í sunkún. Bàbá ì bá fẹ́ kó sunkún.

Nígbà tí wọ́n tún lọ sókè, dókítà kò wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ó bá Tíṣà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ dúró síta, ó sì yíjú sí Bàbá. Ó béèrè ohun tí ti ìsàlẹ̀ sọ nípa bó ṣe rí yìí.

Bàbá sọ òótọ́ fún un. Ó sọ nípa orúkọ tó yọ, ó sọ nípa òfin rẹ̀ àti ọ̀gá tó kọ́ ọ, ó sọ bí irin kékeré ṣe ń sọnù. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, nínú yàrá tó mọ́ tónítóní yẹn, ó sì ń dínkù bó ti ń lọ. Dókítà kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí.

"Bàbá, oògùn mi ti ṣe èyí tó lè ṣe. Ó ti fún un ní agbára láti sọ̀rọ̀. Ta ló wá ń bá sọ ọ́?"

Dókítà kọ ìwé pélébé kan, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Obìnrin náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìlú mìíràn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lórí àga rẹ̀, ó kéré sí Tíṣà, ó sì dìde fún Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá béèrè bóyá obìnrin náà kọ ohun tí Tíṣà sọ sílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣókí. Bàbá ní kó jẹ́ kí òun kà á. Ohùn rẹ̀ le ju bó ti fẹ́ lọ.

"Ohun tí Tíṣà bá sọ nínú yàrá yìí, àwọn ló ni ín, Bàbá. Ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tiyín náà ni, n kò ní fi han àwọn."

Inú bí Bàbá, ìbínú náà sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí i pé kò sí ẹni tí ìbínú náà tọ́ sí. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ẹni kan tí a ó dì mú. Ti òkè ṣe tirẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ṣe tirẹ̀ títí wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà wọlé tọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ, kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó jáde. Orí bẹ́ǹṣì ló ti sọ ọ́ fún baba rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì gbọ̀n.

"Ọjọ́ tí mo lọ kẹ́yìn ni mo sọ ọ́. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó lè sọ ọ́, Bàbá. Ó ní tí mo bá padà wá, a ó jọ wò ó. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. N kò lè sọ ọ́ mọ́."

Bàbá fẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Ó bá a gbé báàgì rẹ̀ dípò ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Télọ̀ wò ó, kò ṣàwàdà. Bàbá lọ bá Tíṣà nínú yàrá ìyá rẹ̀. Kò sí àga kejì níbẹ̀, ó sì jókòó sí etí ibùsùn, níbi tí kò tíì jókòó sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ibẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òun kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ṣùgbọ́n òun lè gbọ́.

"Sọ ọ́ fún mi."

Tíṣà mi orí. "Ẹ̀yin kọ́, Bàbá."

"Nítorí kí ni?"

Ó wo baba rẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló burú jù. "Ẹ ti sọ èrò yín lórí rẹ̀."

Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ béèrè ìgbà tí òun sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó rántí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú ni. Àwọn àlejò ti lọ tán, Tíṣà ń kó ife jọ, òun náà jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀. Ọ̀sán ni ìyàwó rẹ̀ kú, òun wà ní ṣọ́ọ̀bù, Tíṣà ti dé láti ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹn nìkan ni òun mọ̀ nípa rẹ̀. Òun kò béèrè bó ti ṣẹlẹ̀, bóyá ìyá náà pè, bóyá ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Òun kàn gbójú sókè wo ọmọ náà, òun sì sọ gbólóhùn kan: "Ìwọ lo wà nílé." Kì í ṣe ìbéèrè. Òun kò sì fi ohunkóhun lé e láti ọjọ́ náà wá.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, ó sì rò pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń bá wí.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn," ló bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ìbànújẹ́ ni. Èmi ni mi ò sí nílé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má da ara yín láàmú." Ó na ọwọ́, ó tún aṣọ ibùsùn tó ká lábẹ́ baba rẹ̀ ṣe. "Òótọ́ ṣáà ni. Èmi ni mo wà nílé."

Ó dìde lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán kaná fún un. Bàbá kò kúrò níbi tó jókòó sí. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń tú ohun tó dì, tó sì ń dì í padà. Èyí kò ní ojú ibì kankan tí èékánná lè wọ̀.

Wọ́n tún ti ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dá orúkọ Tíṣà padà sínú ìwé. Oògùn òkè kò dáwọ́ dúró, dókítà òkè a sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá nígbà mìíràn bá ti ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ń rí àwọn méjèèjì bí wọ́n ti fi orí korí lórí fáìlì kan. Wákàtí kan géérégé ni, gẹ́gẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò sí ìró ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á sì dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà á wá lọ títí. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, á wo Bàbá, á sì rọra mi orí. Bàbá ti bi í nígbà kan, lóhùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, pé kí ni kí òun ṣe. Ó ní kó máa mú un wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, obìnrin kan jókòó ti Bàbá lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ tó ga, tó da fìlà bojú. Ó na ìwé kan sí Bàbá. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, bàbá, wọ́n kọ orúkọ ẹni méjì sínú ìwé yìí, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ó dà bíi pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Èwo ni kí òun mú ọmọ òun lọ bá?

Bàbá ṣàlàyé fún un. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kò fo ohunkóhun: ẹni tí ọ̀rọ̀ jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó lè kọ oògùn, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe. Ó ní kó má yan ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó pẹ́ tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Obìnrin náà dúpẹ́ gan-an. Ó ní ó hàn pé bàbá mọ iṣẹ́ wọn. Ó wá fi ojú tọ́ka sí ilẹ̀kùn, ó ní ṣé ẹni tí wọ́n mú wá ti ń gbádùn?

Bàbá gbọ́ ìbéèrè náà. Ó yí etí sí ilẹ̀kùn, bí ẹni pé inú yàrá ni ìdáhùn yóò ti jáde wá, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan níbẹ̀. Obìnrin náà dúró pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó kí Bàbá pé ó dàbọ̀, wọ́n sì gba ibi àtẹ̀gùn lọ.